Àṣàrò Kì Í Ṣe Àsáró

Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà máa pariwo. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣe é gbé lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, nítorí Ìyá Onírẹsì wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdérí. Ẹnu tèmi ní ìdérí. Mo kàn máa ń gbàgbé ibi tí mo fi í sí ni.

Ṣé ẹ mọ Tíṣà tó ń gbé yàrá kẹrin, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì? Ọmọ dáadáa ni. Tó bá bá mi lójú ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Kì í jẹ owó iná, kì í da omi ìfọṣọ sójú àgbàlá. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ fu mí lára. Ẹni tí kò bá ní àléébù kankan ní gbangba, ẹ lọ wò ó, ó ti kó o pamọ́ síbì kan. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ nìyẹn.

Ìdájí ọjọ́ kan, mo jí láti gbálẹ̀. Irọ́ ni, ìyàwó ọmọ mi ló ń gbálẹ̀. Mo jí láti mọ ohun tó ń lọ. Mo dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Tíṣà. Gíláàsì kan ti fọ́ níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, lándílọ́ọ̀dù ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, èmi ò sì rán an létí. Mo yọjú. Tíṣà jókòó sórí ẹní, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó dijú. Kò sí fìtílà, kò sí Bíbélì, kò sí tẹ̀sùbáà. Ètè rẹ̀ ò mì. Mo ní kí n dúró kí n gbọ́ orúkọ ẹni tó fẹ́ pè. Ẹ̀fọn jẹ mí lọ́rùn, mi ò gbá a. Ẹsẹ̀ òsì mi kú, mi ò yí i padà. Nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ dún kín-ín bí agogo kékeré, ó lajú, ó mí kanlẹ̀, ó ká ẹní, ó lọ wẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé Tíṣà wọ ẹgbẹ́. Mi ò sọ irú ẹgbẹ́ tó jẹ́ o. Ìyá Onírẹsì ló fi aṣọ pupa kún un. Bàbá Télọ̀ ní òun kò rán aṣọ pupa kankan fún un, àfi tó bá lọ rán an níbòmíràn, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún ju ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ.

Nígbà tó ta sí Tíṣà létí, kò bínú. Ó wá bá mi nídìí àtẹ èlùbọ́ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àṣàrò ni mo ń ṣe."

Ẹ má bínú sí mi, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ẹ ṣáà mọ bí ahọ́n wa ṣe ń ṣe "ṣ". Ohun tí mo gbọ́ ni àsáró. Mo ní, "Àsáró? Ní aago márùn-ún ìdájí? Láìdáná? Iṣu dà?" Mo tiẹ̀ ti ń wá ibi tí abọ́ mi wà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àṣàrò, Ìyá. Mo kàn ń jókòó, mo ń ṣọ́ bí mo ṣe ń mí. Ogún ìṣẹ́jú." Mo ní, "O ń ṣọ́ èémí? Ta ló fẹ́ jí i?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí wọ́n bá ní kí á ṣe àṣàrò, ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n á fún wa kí á máa rò ó. Tíṣà ní tòun yàtọ̀. Ó ní òun á fi ọkàn sí èémí, ọ̀rọ̀ á yọ́ wọlé, ọkàn á bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí òun bá ti rí i pé ó ti lọ, òun á mú un padà jẹ́jẹ́. Á tún lọ, òun á tún mú un padà. Ó ní mímú padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, pé ẹni tó bá mú un padà lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún kò kùnà, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún ni. Mo ní, "Bí ẹní ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́." Ó ní, "Ó ti yé yín."

Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ti jáde. Ewúrẹ́ Ìyá Onírẹsì jẹ èlùbọ́ mi kọ́ńgò méjì. Ó ní òun ò ní san ju ẹyọ kan lọ, pé ikùn ewúrẹ́ kì í gba méjì. Ẹ rántí ewúrẹ́ yìí, màá padà sórí rẹ̀.

Ohun tí Tíṣà ò mọ̀ ni pé ẹni tó bá gbé ìròyìn wá sí ìdí àtẹ mi, kò ní tètè dìde. Mo fún un ní àpótí. Mo ní kí ló dé tí àgbàlagbà fi gbọ́dọ̀ kọ́ ìjókòó? Ó wá sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, Timothy Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èèyàn dán nǹkan kan wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2014. Wọ́n ní kí kálukú dá jókòó sí yàrá fún ìṣẹ́jú 15. Kò sí fóònù, kò sí ìwé, kò sí ẹni tí wọ́n á bá tàkúrọ̀sọ. Bọ́tìnì kan nìkan ló wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, iná mànàmáná á ta á. Wọ́n sì ti kọ́kọ́ tọ́ iná náà wò o! Wọ́n ti sọ lẹ́nu ara wọn pé àwọn á fowó sílẹ̀ kí ó má tún ta àwọn mọ́. Ẹ wá gbọ́: nínú ọkùnrin 18, 12 ló tẹ bọ́tìnì. Nínú obìnrin 24, 6 péré. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ nígbà 190. Mo ní kí Tíṣà tún iye yẹn pè. Mo wá lọ jí ọkọ mi lójú oorun ọ̀sán kó wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, torí òun ló máa ń sọ pé obìnrin ni kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Àwọn Harvard náà ti ṣe tiwọn lọ́dún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert. Wọ́n ń dún fóònù mọ́ èèyàn 2,250 lọ́wọ́ lójijì: kí lò ń ṣe? Kí lò ń rò? Báwo ni inú rẹ ṣe rí? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìgbà, nǹkan bí 47 nínú 100, tí ọkàn wọn ò fi sí nídìí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Kò síṣẹ́ tí ọkàn ò ti máa ń sá lọ dáadáa, àfi ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní dárúkọ, àwọn ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ibi tó ká mi lára ni pé inú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti sá lọ kì í dùn tó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà nílé. Kódà bó jẹ́ ohun tó dára ló ń rò, kò sàn ju kó fọkàn sí ohun tó ń ṣe. Bí Tíṣà ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mo ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan, mo sì ń bá Ìyá Onírẹsì jà nínú ọkàn mi. Kọ́ńgò mẹ́rin ni obìnrin yẹn sanwó rẹ̀. Márùn-ún ni mo wọ̀n fún un. Kò sì padà wá.

Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí owó ti wọ̀ ọ́.

Tíṣà ní àwọn apá ibì kan wà nínú ọpọlọ, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, wọ́n so mọ́ra wọn ni, tó máa ń gbéra sọ nígbà tí a ò bá ṣe nǹkan kan pàtó. Ibẹ̀ la ti ń tún ìjà àná jà, ibẹ̀ la ti ń rò ó pé kí ni lágbájá ń sọ nípa mi. Mo ní, "Á à, ìdí ẹ̀rọ omi inú orí." Ó dákẹ́, ó wò mí, ó ní òun á fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ó ní Judson Brewer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale rí i lọ́dún 2011 pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí àṣàrò, ìdí ẹ̀rọ omi tiwọn máa ń dá páropáro ju ti àwọn tí kò ṣe é rí. Kókó kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní amígídálà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ ẹ̀pà ńlá lọ. Ajá ilé ni. Á ti gbó kí onílé tó mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Onílé wà níwájú orí, òun ló ń sọ fún un pé, "Dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ni." Àwọn tó ń ṣe àṣàrò déédéé, onílé wọn máa ń tètè jáde ni.

Nípa ti orí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn mọ́ńkì. Kì í ṣe ọ̀bọ o, èmi náà ti bi í. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó fárí, tó wọ aṣọ pupa rúsúrúsú ni. (Mi ò jẹ́ kí Ìyá Onírẹsì gbọ́ ibi aṣọ pupa.) Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Wisconsin, Richard Davidson. Lọ́dún 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ru ẹ̀rọ lọ sí Dharamsala ní Íńdíà, níbi tí Dalai Lama ń gbé. Wọ́n fẹ́ fi bí àwọn ṣe ń wo ọpọlọ han àwọn mọ́ńkì. Wọ́n gbé fìlà oníwáyà lé ọ̀kan nínú ara wọn lórí, Francisco Varela, ọmọ Chile. Bí àwọn mọ́ńkì ṣe rí i, ẹ̀rín bú. Davidson rò pé ìrísí Varela ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Rárá o. Wọ́n ní, ṣebí ẹ ní àánú lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí lẹ wá ń lẹ wáyà mọ́ orí fún? Àyà dà?

Lójú tèmi, àwọn mọ́ńkì yẹn ìbá bá wa gbé ní Òkè-Àdó. Ṣebí inú ni àwa náà fi ń sọ ọ́. Inú mi dùn. Inú mi bàjẹ́. Inú ń bí mi. Ta lẹ gbọ́ rí tó ní ọpọlọ òun dùn? Ṣùgbọ́n wáyà orí náà rí nǹkan o. Nígbà tó di ọdún 2004, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé nígbà tí àwọn mọ́ńkì 8 ń ṣe àṣàrò àánú, ìgbì iná ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní gáńmà lágbára lórí wọn ju bó ṣe rí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 10 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Matthieu Ricard wà lára àwọn tí wọ́n wò, ọmọ Faransé tó ti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kó tó lọ fárí. Àwọn oníròyìn ní òun ni inú rẹ̀ dùn jù láyé. Òun fúnra rẹ̀ ní àsọdùn ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, èmi mọ bó ṣe máa ń dùn tó kí wọ́n fi nǹkan kún tẹni.

Àwọn mọ́ńkì náà ti lo 10,000 wákàtí sí 50,000 nídìí àṣàrò. Mo ní kí Tíṣà bá mi ṣírò ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ó ní kí ó tó pé 10,000, ọdún 82 ni. Mo ti pé 61. Ẹ bá mi kí ara yín ní ọjọ́ ìbí mi ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlélógóje.

Tíṣà ní kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní Jon Kabat-Zinn dá ètò kan sílẹ̀ ní 1979 ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts, ní ìlú Worcester, fún àwọn aláìsàn tí ìrora ò fi sílẹ̀, tí àwọn dókítà ò rí nǹkan ṣe sí mọ́. Ọ̀sẹ̀ 8 péré ni. Èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún wọn: ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ pa á, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní àjàrà. Mo mú ẹ̀pà ẹyọ kan. Mo wò ó. Ó ní ilà bíi márùn-ún lára, èèpo pupa rẹ̀ ti ṣí níbì kan. Mo gbóòórùn rẹ̀, òórùn yanrìn tí wọ́n fi yan án ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi sẹ́nu, mi ò gé e. Itọ́ sun. Nígbà tí mo gé e tán, ó dùn dé ibi tí mi ò mọ̀ rí. Ọdún mélòó ni mo ti ń jẹ ẹ̀pà? Ẹ̀kúnwọ́ ni mo máa ń dà á sẹ́nu, bí ẹni ń da iyẹ̀pẹ̀ sí kòtò. Mo fẹ́ jẹ ìkejì bẹ́ẹ̀, mo rí i pé ọmọ-ọmọ mi ti jẹ ìyókù tán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, torí èmi ni mo tan án ká. Tíṣà ti sọ fún mi pé Sara Lazar ní Boston rí i ní 2005 pé àwọn ibì kan nínú ọpọlọ àwọn tó ń ṣe àṣàrò nípọn ju ti ẹlòmíràn lọ, pé ní 2011 wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ 8 péré ti mú ibì kan pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń sọ pé orí Tíṣà ń tóbi, Bàbá Télọ̀ sì ti gbé téèpù wá láti wọn fìlà rẹ̀. Àṣé ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Lọ́dún 2022, láti ọ̀dọ̀ Davidson yìí kan náà ní Wisconsin, wọ́n wo àwọn èèyàn 218 pẹ̀lú ètò ọ̀sẹ̀ 8 yẹn, wọn ò rí i kí ọpọlọ ẹnikẹ́ni nípọn sí i nítorí rẹ̀. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, ní gbangba. Èmi tí mo ti ń ṣòfófó fún ogójì ọdún, mi ò padà lọ sọ rí pé ohun tí mo sọ ní àná kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni ṣá.

Ti inú ẹni ló fìdí múlẹ̀ jù. Ní 2014, àwọn kan kó ìwádìí 47 jọ, èèyàn 3,515 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé àṣàrò ń dín àníyàn kù, ó ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù, ó sì ń dín ìrora kù. Kì í ṣe púpọ̀ o, wọn ò sì rí i pé ó ju eré ìmárale tàbí oògùn lọ. Ní 2022, wọ́n pín èèyàn 276 tí àníyàn ń dà láàmú sí ọ̀nà méjì: àwọn kan lo oògùn tí wọ́n ń pè ní escitalopram, àwọn kan ṣe ètò ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn méjèèjì sàn bákan náà. Kí ẹnikẹ́ni má torí ẹnu mi da oògùn rẹ̀ nù o, mo ń ta èlùbọ́ ni, mi ò kọ́ṣẹ́ dókítà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ara ló gbà á. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dọ̀ Tíṣà, Ìyá Alákàrà tí ọkọ rẹ̀ kú nígbà ọyẹ́ bá wa jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, ẹkún dé, kò lọ mọ́. Oorun dá lójú rẹ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló dá a dúró, ó ní ó ń ṣẹlẹ̀, pé Willoughby Britton ní Yunifásítì Brown ti ń ṣèwádìí nípa àwọn tí àṣàrò kó sí ìyọnu. Ó mú un lọ bá dókítà. Ní báyìí, ìrìn ìrọ̀lẹ́ ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń rìn, ara rẹ̀ sì ti ń mókun.

Ó yá, ewúrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Mo wà nídìí ẹ̀rọ omi, Ìyá Onírẹsì dé, ó wo yíká, ó ní, "Àwọn kan ń gba owó kọ́ńgò méjì lórí èlùbọ́ tó ní kòkòrò. Ewúrẹ́ mi ṣu fún ọjọ́ mẹ́ta." Níwájú ìyàwó tuntun!

Tẹ́lẹ̀ rí, korobá ni ì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ooru tó gbéra nísàlẹ̀ ikùn mi, ó gun àyà, ọ̀fun mi gbẹ, eyín mi fún pọ̀, àtàǹpàkò mi ń jó lára ọwọ́ korobá. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀. Ọdún 61, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i kí ó tó dé ẹnu. Mo mọ ìgbà tí Bàbá Télọ̀ ń gbàwìn òwú, mo mọ ẹni tó ń pe ìyàwó yàrá keje ní òru, mi ò ṣe gbéborùn inú ara mi rí. Mo mí jáde, gígùn, bí Tíṣà ṣe kọ́ mi. Ó ní bí èémí bá ń jáde, ọkàn a máa dẹ eré, pé iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà tó ń fà á ní ìjánu. Mo ka méjì. Mo ní, "San kọ́ńgò kan àbọ̀."

Gbogbo ìdí ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá Onírẹsì wò mí bí ẹni tó rí òkú tó jí. Ó ní, "Ṣé ara rẹ ò yá ni?" Ó sì san án. Owó gidi. Mo bú u ní alẹ́ ọjọ́ yẹn o, ẹ má rò pé mo ti di mọ́ńkì. Mo kàn bú u jẹ́jẹ́, mo sì sùn.

Nígbà tí mo sọ fún Tíṣà, ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé láti ìdájí ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀ pé mo ní ẹ̀bùn rẹ̀. Mo ní ọjọ́ wo? Ó ní, "Ìyá, ogún ìṣẹ́jú lẹ fi dúró lẹ́yìn fèrèsé mi. Ẹ ò mira, ẹ ò sọ̀rọ̀, ẹ ò gbá ẹ̀fọn. Èmi ń dijú, ẹ̀yin ń lajú. Mo gbọ́ èémí yín."

Òní pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú 7 ni mo lò ní ìdájí yìí. Nínú ìkẹjọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ báàgì jáde ní yàrá kẹsàn-án, mi ò mú ọkàn mi padà. Ẹ jókòó síbẹ̀ ná, ẹ má lọ, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó, mo ń bọ̀.